Láàrin “Ń” àti “Ti”



Ní ọdún 2011, àwa ọmọ Yorùbá mẹ́ta ni a jọ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níhìn-ín ní Kàdúná. Wọ́n bi ọ̀kan nínú wa ìdí tí ó fi fẹ́ ipò náà. Ó ní: “I am very interesting in the work.” Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Kí a má fi bò, ẹni tí ó sọ ọ́ náà ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. A kò rí ipò náà gbà lọ́dún yẹn.

Nígbà tí a délé, ọmọ wa obìnrin ni ó là á yé wa. Ó ní ohun tí ń fa ọkàn ẹni ni “interesting”. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí i ni “interested”. Bákan náà, ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní “boring” ti jẹ́wọ́ pé òun a máa sú ènìyàn; “bored” ni ẹni tí nǹkan sú.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa ara dà. “Kọ” ni “kọ” níbi gbogbo: mo ń kọ, mo ti kọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì a máa yí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ padà: “writing”, “written”. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé “I have wrote”. A rò pé bí “have” bá ti dípò “ti”, ó tán. Kò tán o! “Have written” ni, “have gone” ni, “have eaten” ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, a ń lọ sílé ní Òṣogbo. Ìyá wa pè nígbà tí a wà ní Jẹ́bà, ọmọ yìí kan náà ni ó gbé fóònù. Dípò “A ń bọ̀”, ó ní: “A ti dé, Mama.” Ìyá arúgbó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú ọyẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a wọlé, ó ní: “Ta ni ó wá dé lẹ́ẹ̀kan?” Ọmọ náà sorí kọ́, bí a ti sorí kọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti bá a dá májẹ̀mú: kí ó máa tún Gẹ̀ẹ́sì wa ṣe, kí àwa náà máa tún Yorùbá rẹ̀ ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹnìkejì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa dá irú rẹ̀.