Ìdin Tí Ó Fi Ohùn Dẹ́rù Ba Ayé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nínú gbogbo ọ̀daràn inú ìwé aláwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Mister Mind ni kò kúrò lọ́kàn mi. Láti 1943 dé 1945, orí 25 ni wọ́n fi sọ ìtàn ìjà òun àti Captain Marvel. Otto Binder ni ó kọ ọ́, C. C. Beck ni ó yà á.

Ohùn rẹ̀ nìkan ni a kọ́kọ́ ń gbọ́, àwọn òṣìkà ńláńlá sì ń jẹ́ ẹ ní hòo. Àṣé ìdin bíńtín ni, tí ó wọ awò ojú, tí ó so ẹ̀rọ agbóhùnsókè mọ́ ọrùn! Nígbẹ̀yìn, wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì fi iná mànàmáná pa á.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹni tí ó bá ní “àṣẹ òkè ni” kì í sábà dárúkọ ẹni tí ó pa á. Kí a tó wárí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ní kí olóhùn yọjú. Ohùn lè tóbi ju ẹni tí ó ni ín lọ.