Ilé Là Á Wò Ká Tó Ra Sípíkà

Ẹ̀gbọ́n yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì, Ìbàdàn ló sì ń gbé láti kékeré. Àbúrò rẹ̀ pẹ́ ní Houston, ní Amẹ́ríkà, kó tó padà wálé. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Bódìjà ni wọ́n jókòó sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Káyọ̀dé, mo fẹ́ ra ohun tí yóò máa gbé ohùn fíìmù jáde dáadáa nínú pálọ̀ yìí. Tẹlifíṣọ̀n náà tóbi tó, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, n ó fi rìmóòtù gbé e sókè. Kí n tó ṣẹ́jú, ìbọn á dún, gbogbo ilé á gbọ̀n rìrì. Kí lẹ máa ń ṣe sí irú èyí lọ́hùn-ún?

ÀBÚRÒ: Àǹtí mi, sípíkà méje la tò yí pálọ̀ wa ká ní Houston, mẹ́rin tún wà lókè àjà. Bí hẹlikópítà bá ń kọjá nínú fíìmù, ẹ ó gbójú sókè wá a. 7.1.4 ni wọ́n ń pè é: méje yí yín ká, wúfà kan, mẹ́rin lókè. Dolby Atmos ni orúkọ ètò ohùn náà. Ilé sinimá ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kó tó wọ inú ilé. Mo lè bá yín tò ó síbí.

Ẹ̀GBỌ́N: Fara balẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ni mo ní n ò gbọ́. Nínú sípíkà mọ́kànlá tó o kà sílẹ̀ yẹn, èwo ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu jáde?

ÀBÚRÒ: (ó rẹ́rìn-ín) Ẹyọ kan ni, mà. Èyí tó wà láàárín níwájú, nítòsí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń sọ, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Ọ̀tún àti òsì iwájú ń gbé orin, wọ́n sì ń gbé ìró ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ìran. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ń gbé òjò, ariwo ọjà, ẹsẹ̀ ẹni tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Wúfà ní tirẹ̀, ohùn tó wúwo jù lọ nìkan ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní .1, torí ìwọ̀nba díẹ̀ nísàlẹ̀ ni ìpín tirẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bí onídùndún ṣe ń to ìlù nìyẹn. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbè é lẹ́sẹ̀. Bí awọ ìyá ìlù bá ti ya, o lè kó ogún omele jọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹni tí à ń kì.

ÀBÚRÒ: Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ibẹ̀ sì làwọn èèyàn ti ń ṣìnà lọ́jà. Iye sípíkà ni wọ́n ń kà, tàbí iye wáàtì.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀. Wọ́n kọ 12,000 wáàtì gàdàgbà sára páálí. Mo bi ọmọ tó ń tà á pé irú púlọ́ọ̀gì wo ló ní. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo ayé ń lò yìí náà ni. Mo ní kó fún mi ní bírò. Fólẹ́ẹ̀jì 230 lọ́nà áńpù 13, kò pé 3,000 wáàtì. Ibo ni ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án yòókù fẹ́ gbà wọlé? A yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pé 120 wáàtì ni iná tó ń jẹ. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan mọ́.

ÀBÚRÒ: PMPO ni wọ́n ń kọ síwájú páálí bẹ́ẹ̀, ariwo ọjà lásán ni. RMS ni kẹ́ ẹ máa wá, òun ni agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìsinmi. Àní RMS gan-an kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló máa lé. Etí á kàn mọ̀ pé ó lọ sókè díẹ̀ ni. Ẹ wo ìwé tó bá sípíkà wá, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 86 dB tàbí 89 dB. Bó ṣe máa dún tó nìyẹn bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì dúró sí mítà 1 sí i. Láti dún bákan náà, ìdajì iná tí 86 ń jẹ ni 89 máa jẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn á wúlò fún èmi tí mò ń lo inverter. Jẹ́ kí n bi ọ́ ná: ilé tẹ́ ẹ gbé ní Houston yẹn, kí ni wọ́n fi kọ́ ọ?

ÀBÚRÒ: Igi ni, wọ́n wá fi pátákó jípsọ́ọ̀mù bo ògiri nínú. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Dìde, bọ́ sí àárín pálọ̀, kó o pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

(Àbúrò dìde, ó pàtẹ́wọ́. Ìró náà ń ta látinú ògiri kan sí èkejì, ó ń gbọ̀n bí wáyà tí wọ́n fìka ta, kó tó kú.)

ÀBÚRÒ: Háà! Ó mà ń ta padà o.

Ẹ̀GBỌ́N: Búlọ́ọ̀kù ni ògiri, táìlì ni ilẹ̀, gíláàsì ni fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu òṣèré lẹ́ẹ̀kan, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó máa dé etí mi, ọ̀kan á máa gun orí èkejì. Bó o bá wá to mọ́kànlá síbí, ariwo lo tò.

ÀBÚRÒ: Mo gbà, mà. Béèsì náà tún ńkọ́? Ògiri jípsọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún máa ń gba díẹ̀ mọ́ra, díẹ̀ á sì jò jáde. Búlọ́ọ̀kù kì í gbà á. Inú yàrá ló máa há sí, pàápàá ní igun. Wúfà tó dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní Houston lè máa dún kìjikìji níbí. N ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí ló ṣe kókó. Ohùn tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 80 Hz, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó ti ń bọ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí wúfà wà níwájú. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń dá. Wọ́n á gbé wúfà sórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á fi orin tí béèsì rẹ̀ ń lọ déédéé sí i, wọ́n á wá máa rákò yí pálọ̀ ká. Ibi tí béèsì bá ti dún ketekete, tí kò wú jù, tí kò sì sọnù, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé wúfà sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi àgbàlagbà ni kí n máa rákò kiri pálọ̀? Ìwọ lo máa ṣe ìyẹn. Kí la fẹ́ ṣe sí táìlì?

ÀBÚRÒ: Rọ́ọ̀gì tó nípọn ni, sáàárín àga yín àti tẹlifíṣọ̀n. Kọ́tìnì tó wúwo sójú fèrèsé. Ṣẹ́ẹ̀fù ìwé yín tó kún yẹn, ẹ jẹ́ ká gbé e sí ara ògiri ẹ̀yìn. Ìwé tó ga, tó kúrú, tó yọrí, tó wọlé, ó máa ń tú ìró ká.

Ẹ̀GBỌ́N: Iná kò sì lè jó ìwọ̀nyẹn bí NẸPA bá ya dé. Bá a bá ní ká kó ẹ̀rọ wá láti Amẹ́ríkà ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Iná Amẹ́ríkà, fólẹ́ẹ̀jì 120 ni, tiwa 230. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gba ohùn láti tẹlifíṣọ̀n, tó ń pín in fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Receiver ni wọ́n ń pè é. Bó bá jẹ́ 120 nìkan ni wọ́n ṣe é fún, tẹ́ ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì níbí, èéfín lẹ máa rí. Àfi kẹ́ ẹ ra tíráńsífọ́mà. Wúfà tó ní wáyà iná tirẹ̀ náà, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n sípíkà lásán tí kò ní púlọ́ọ̀gì kò mọ ìlú tó wà. Ohun tí receiver bá fún un ló ń jẹ. A lè gbé sípíkà wá látọ̀hún, ká ra receiver àti wúfà lọ́jà Alábà.

Ẹ̀GBỌ́N: Bó o bá ń lọ, mú ọ̀bẹ dání nítorí wáyà sípíkà. Fi fá orí rẹ̀ wò. Èyí tó pupa dénú, bàbà ni. Èyí tó funfun nísàlẹ̀ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá tó ti bàbà, ó sì tètè máa ń dá bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Bàbà ni wọ́n máa pe méjèèjì fún ọ.

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká fi ti òkè àjà sílẹ̀ nígbà náà. 5.1 ni mo rò pé ó bá ibí mu: márùn-ún àti wúfà. Látìgbà tí *Batman Returns* ti gbé Dolby Digital wọ sinimá ní 1992 ni ọ̀nà mẹ́fà yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀tún àti òsì iwájú á jìnnà síra wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí yín, ìyẹn dígírì 30 láti àárín lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ á wà ní bíi dígírì 110, sẹ́yìn etí yín díẹ̀, kí wọ́n fi díẹ̀ ga ju etí lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Àga mi fara ti ògiri. Ibo ni ẹ̀yìn etí wà níbẹ̀? Ṣé inú ògiri ni?

ÀBÚRÒ: A lè fa àga síwájú díẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ká gbé wọn sí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì àga gan-an, kí wọ́n kọjú síra wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni mo tilẹ̀ ń wò? Fíìmù Yorùbá orí YouTube ló pọ̀ jù, ọ̀nà méjì péré sì ni ohùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tó bá sì di aago mẹ́jọ alẹ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí fèrèsé mi. Òjò tó ń rọ̀ lẹ́yìn mi nínú fíìmù, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

ÀBÚRÒ: Ti ọ̀nà méjì kò lè dí wa lọ́wọ́. Receiver máa ń ṣa ohun tó bá dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì, bí ọ̀rọ̀ ẹnu, á darí rẹ̀ sí sípíkà àárín. Netflix sì ń béèrè 5.1 fún fíìmù tó bá jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ti jẹnẹrétọ̀ yìí, ẹ ti mú mi. Ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni ariwo máa kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa, kí ló yẹ ká kọ́kọ́ rà?

ÀBÚRÒ: Mẹ́ta iwájú. Kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ilé-iṣẹ́ kan, ìran kan, kí ohùn ẹni tó ń rìn láti òsì sí ọ̀tún má baà yí padà lójú ọ̀nà. Ti àárín ni kẹ́ ẹ náwó sí jù. Ẹ má tì í wọnú kọ́bọ́ọ̀dù, etí yín ni kó kọjú sí. Bó bá wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ká fi nǹkan gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà, receiver tó láyè fún márùn-ún, tó sì ní HDMI ARC, kí wáyà kan ṣoṣo lè máa gbé ohùn wá láti tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìbọn tó ń mi ilé ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Nínú ètò receiver, ẹ lè gbé ohùn àárín nìkan sókè, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ìyókù. Ètò alẹ́ tún máa ń wà níbẹ̀, tó ń fa ariwo ńlá wálẹ̀, tó ń gbé ohùn jẹ́jẹ́ sókè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó parí. Mẹ́ta iwájú àti receiver la máa rà báyìí. Owó tí ìwọ ìbá fi ra tòkè àjà, fi ra rọ́ọ̀gì àti kọ́tìnì. Bí aládùúgbò mi bá ra inverter, a ó sọ ti ẹ̀gbẹ́.

ÀBÚRÒ: Wúfà ńkọ́, Àǹtí mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọjọ́ tó o bá ṣe tán láti rákò ni.