Alẹ́ Búrẹ́dì Nínú Ilé Wa ní Onne

Ìròyìn ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ilé ṣíṣí ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ ìwé ìpè fún: ayọ̀ kékeré ojoojúmọ́ nínú ilé, àti búrẹ́dì tí a ń fi ọwọ́ ara wa yan.

Onne ni àwa ń gbé, ní ilẹ̀ Eleme, kò jìnnà sí Port Harcourt. Iṣẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa débẹ̀: èbúté ńlá wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ wà níbẹ̀, nígbà tí ó sì di 1996 ìjọba àpapọ̀ ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún òwò epo àti gáàsì. Iṣẹ́ ọ̀sán ń bẹ, iṣẹ́ òru ń bẹ. Bí bàbá bá ń wọlé, ìyá lè máa jáde. Àwọn ọmọ á ti sùn kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ní ilé-ìwé.

Nítorí èyí, ilé àjò a máa di ibùwọ̀ lásán lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwo tí ó dára wà nínú àpótí, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá délé. Ẹ̀rín àti ìtàn, wọ́n ní ó di Kérésìmesì tàbí Iléyá. Òtítọ́ ni pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Onne kò mọ̀ pé oko ni òun wà. Ọmọ wa kékeré bi wá léèrè pé, "Màmá, èwo ni ilé wa gan-an? Ṣé ibí yìí ni, àbí ibi tí a máa ń lọ ní Kérésìmesì?" Búrẹ́dì ni a fi ń dá a lóhùn ní alẹ́ Sátidé.

Ẹ má rò pé búrẹ́dì kò bá ọ̀rọ̀ àjò tan. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921 ó bẹ̀rẹ̀ sí yan búrẹ́dì tà ní Èkó, iṣẹ́ náà sì gbòòrò títí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Lónìí, bí a bá wà lájò, búrẹ́dì Èkó wà lára ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ wá. Àlejò ni ó yan án, àwa ni a sọ ọ́ di tiwa. Bí àlejò bá lè fi ìyẹ̀fun sọ ara rẹ̀ di ará ilé, kí ni ó dé tí àwa kò lè ṣe é?

Òjò Onne kì í ṣe òjò Ìbàdàn. Ó tó nǹkan bí 2,400 mìlímítà lọ́dún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fẹ́. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó fi Ìbàdàn ṣe orílé-iṣẹ́, ní oko ìwádìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Onne. Ní 1994 ni wọ́n fi ẹ̀bùn King Baudouin dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àgbagbà tí ó lè dúró de àrùn ewé. Àgbagbà kò wọ́n wa ní ọjà. Èyí tí ó bá ti pọ́n jù, tí awọ rẹ̀ ti dúdú, tí ará Ìkirè ìbá fi ṣe dòdò Ìkirè, tí ìyá wa ìbá fi ṣe mósà, òun ni àwa ń pò mọ́ búrẹ́dì.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. Ife fùláwà mẹ́rin, àgbagbà méjì tí a gún kúnná, ṣíbí kékeré méjì yíìsì, ṣíbí ńlá mẹ́ta ṣúgà, bọ́tà díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a fi ń pò ó, díẹ̀díẹ̀, nítorí àgbagbà ti ní omi tirẹ̀. A ó pò ó títí kì yóò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, a ó bò ó títí yóò fi wú di ìlọ́po méjì, a ó sì gbé e sínú agolo tí a fi bọ́tà pa. Ẹni tí kò ní ààrò búrẹ́dì, kí ó da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin ńlá, kí ó gbé e ka iná títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ó gbé agolo náà lé iyanrìn, kí ó sì dé e pa. Bí èédú bá wà, kí ó kó ẹyín iná díẹ̀ lé ọmọrí. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, òórùn rẹ̀ ni yóò pè yín.

Ayọ̀ náà ti dé kí búrẹ́dì tó jinná. Àkọ́bí wa ọkùnrin ni ó ń pò ó; ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gún un bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ka ife: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń kọ́ òǹkà tí wọn kì í kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Àbíkẹ́yìn ń ṣọ́ ìkòkò. Àwa òbí ń pa àlọ́ ìjàpá, òjò ń lu páànù lókè, kò sí ẹni tí ó rántí fóònù. Bí búrẹ́dì bá jáde, ìdajì rẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá onílé wa, ọmọ Eleme. Àwo náà kì í sì í padà lófìfo.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé fùláwà wọ́n. Ó wọ́n nítòótọ́. Láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú alíkámà wa ti ń wá, náírà sì ti já wálẹ̀ gan-an láti 2023. Nígbà mìíràn a ń yọ ife fùláwà kan kúrò, a ń fi ìyẹ̀fun gbágùúdá dí i. Oṣù tí owó bá ṣọ̀wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń yan án. Kò sí ọmọ tí ó bínú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi gbogbo ayọ̀ yín pamọ́ de ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó dàgbà. Ẹ gbé àwo dáadáa jáde nínú àpótí, ẹ sì sọ Yorùbá sí wọn létí ìkòkò. Bí àwọn náà bá kọrí sí ìlú mìíràn lọ́la, wọn yóò ní ilé tí wọ́n lè gbé dání. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà mìíràn láti yan án, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Kí Ọlọ́run bùkún ilé gbogbo wa. Àṣẹ.