Ìtàn Ta Ni Mo Fẹ́ Sọ?

Àròkọ oríṣi méjì ló gbà mí lákòókò jù nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Maryland. Èkíní ni rhetorical analysis tí a ń kọ nínú kíláàsì AP English Language: wọ́n á fún ọ ní ọ̀rọ̀ tàbí lẹ́tà tí ẹnìkan kọ, ìwọ á sì ṣàlàyé ọgbọ́n tí ó fi kọ ọ́. Èkejì ni àròkọ nípa ara ẹni tí à ń fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Ti Common App kò gbọdọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ka àwọn méjèèjì sí iṣẹ́ tó yàtọ̀ pátápátá. Ní tèmi, èkíní ló kọ́ mi bí mo ṣe kọ èkejì, ohun tí mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin àbúrò tó ń múra àtiwọ yunifásítì sọ nìyẹn.

Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, àròkọ WAEC ni mo mọ̀: mú ọ̀kan nínú márùn-ún, kó má dín ní 450 ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní kí o kọ ìtàn tó bá òwe kan mu, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. O lè pa bàbá ẹni tí kò ní bàbá, kí o sì tún jí i dìde, bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ bá ṣáà ti gún régé. Níbí, òótọ́ ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ tìrẹ.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló sọ fún mi pé ìyà ni kí n kọ. Ìyà kò sì jìnnà sí wa. Bàbá mi ṣì wà ní Ìbàdàn, ìwé àṣẹ wọn kò tíì jáde. Òru ni Mọ́mì fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí n kò bá sì rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, kò sí owó yunifásítì nílé. Mo bi Mọ́mì bóyá kí n kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru yẹn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ òru. Ìwọ ń sùn nígbà yẹn. Kí lo fẹ́ kọ nípa rẹ̀?" Wọ́n tún fi kún un pé gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ọ̀rọ̀ parí.

Lákòókò kan náà, lẹ́tà tí Martin Luther King kọ láti ẹ̀wọ̀n Birmingham ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1963 ni à ń tú palẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn mẹ́jọ, aláwọ̀ funfun, ló kọ ọ́ sí, àwọn tó ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú ní sùúrù. Ó kí wọn gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ Augustine àti Aquinas yọ fún àwọn Kristẹni inú wọn, ó sì fa ti Martin Buber tó jẹ́ Júù yọ, nítorí rábì kan wà láàrin wọn. Nígbà tí ó kan ilé tirẹ̀, ó mẹ́nu ba ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó fẹ́ lọ sí ọgbà ìṣeré tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ fún un pé wọn kì í gba ọmọ aláwọ̀ dúdú síbẹ̀. Kò fi í ṣagbe àánú. Ó fi í síbi tí ẹni tó ń wàásù sùúrù kò fi ní rí èsì fọ̀.

Nínú máàkì 6 tí wọ́n fi ń gba àròkọ yìí nínú ìdánwò AP, 4 wà fún ẹ̀rí àti àlàyé. Kíkà pé "ó lo àfiwé, ó lo àwítúnwí" kò tó. Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe sí ẹni tó ń gbọ́ ọ?

Ìbéèrè yìí ló gbé mi padà sí ìwé àkọsílẹ̀ kan. Èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Maryland, torí àwa ọ̀dọ́ tó lè kọ Yorùbá tàmì-tàmì kò pọ̀. Níbi ìpàdé kan, akápò, tó kéré jù nínú àwọn olóyè ẹgbẹ́, fẹ́ ka orúkọ àwọn àgbà tó jẹ owó oṣooṣù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, tótó ṣe bí òwe o." Wọ́n dá a lóhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Ó wá ka orúkọ wọn. Ẹnikẹ́ni kò bínú jáde.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé akápò fi òwe bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà King ni mo tó mọ ohun tí mo kọ. Bí àwọn àgbà ṣe dáhùn yẹn, wọ́n ti fún un láṣẹ láti sọ̀rọ̀, ó sì ṣòro kí àgbà gba àṣẹ padà lójú gbogbo ayé. Ìkíni King ń wá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wí.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ìpàdé ni mo fi ṣe àròkọ mi: ohun tí akọ̀wé ń kọ, ohun tó ń fò, àti bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe ń pinnu bí ìjà àwọn àgbà yóò ṣe wọ inú ìwé. Mọ́mì wọ inú rẹ̀ ní gbólóhùn kan péré: láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọn kò ní sùn, wọ́n á wà mí lọ sí ìpàdé. Èyí mo rí i. Èmi ni mo jókòó nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ bi ara yín léèrè ta ni yóò ka àròkọ yín, àti ìtàn ta ni ẹ fẹ́ sọ. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ẹlòmíràn, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ó bá ní rárá, ẹ má bínú. Ibi tí ẹ̀yin dúró sí nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀, tiyín ni. Ẹ kọ ìyẹn.