Ureka, Abúlé tí Òjò Fi Ṣe Ilé

Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra nílé wa, a ó máa kùn pé ojú ọ̀run ti ya. Ẹni tó bá ń kùn bẹ́ẹ̀, kí ó dé Ureka wò. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé òun kò tí ì rí òjò rárá.

Abúlé kékeré ni Ureka. Etí òkun ní ìhà gúúsù erékùṣù Bioko ni ó wà, ní ilẹ̀ Equatorial Guinea. Bioko yìí kan náà ni àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po, tí ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà sì ń pè ní Panya nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣe lébìrà nínú oko kòkó àwọn ará Spain. Kò jìnnà sí wa. Nǹkan bí máìlì 20 ni òkun tó là á láàárín òun àti etíkun Kamẹrúùnù.

Àwọn òyìnbó ti du erékùṣù yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ púpọ̀. Ará Portugal kan, Fernão do Pó, ni a gbọ́ pé ó kọ́kọ́ rí i nínú wọn ní nǹkan bí ọdún 1472. Ní 1778, Portugal fi í lé Spain lọ́wọ́. Ní 1827, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ ìlú kan dó síbẹ̀ láti máa mú ọkọ̀ àwọn tó ń kó ẹrú. Ìlú náà ni a ń pè ní Malabo lónìí. Ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀kítóbà, 1968, ni wọ́n gba òmìnira. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó kankan tó dé ni àwọn Bubi ti wà níbẹ̀, àwọn náà ló sì ni Ureka.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ òjò. Omi òjò tó ń rọ̀ ní Ureka lọ́dún kan tó nǹkan bí mílímítà 10,450. Ti Ìbàdàn kò ju bí 1,300 lọ. Bí a bá gbé àgbá gíga kan sí gbangba ní Ureka, tí omi inú rẹ̀ kò jò, tí oòrùn kò sì fà á, kí ọdún tó yí po, omi náà yóò ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 34, èyí tí í ṣe bí gíga ilé alájà mẹ́ta. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Debundscha tó wà ní ẹsẹ̀ òkè Kamẹrúùnù ni a lè fi wé e.

Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun bọ̀ gbé omi dání. Bó ti ń gúnlẹ̀ ni ó pàdé òkè gíga, nítorí ẹ̀yìn abúlé gan-an ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Téńté òkè náà sì ju mítà 2,000 lọ. Afẹ́fẹ́ kò rí ibi yà sí, ó ní láti gun òkè. Bó ti ń gòkè ni ó ń tutù, bó sì ti ń tutù ni ó ń da ẹrù omi rẹ̀ sílẹ̀. Orí Ureka ni ó ń dà á sí. Ìdí nìyí tí odò fi pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn mìíràn ń já ṣòòròṣò láti orí àpáta wá sí etí òkun.

Iṣẹ́ oko, ọdẹ àti ẹja pípa ni iṣẹ́ wọn. Láyé àtijọ́, iṣu ni ọba oúnjẹ láàárín àwọn Bubi, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n kókò, tí wọ́n ń pè ní malanga, ti wá di oúnjẹ ojoojúmọ́. Àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í wá omi kiri. Omi ni ó ń wá a kiri.

Ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà títí di Fẹ́búárì, nígbà tí òjò bá dẹwọ́ díẹ̀, àlejò ńlá máa ń dé. Ìjàpá òkun ni. Ẹ má ṣe rò pé irú Ìjàpá ọkọ Yánníbo ni mo ń wí! Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ awọ dípò èépá líle, lè wúwo ju ọ̀kẹ́ sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ. Oríṣi mẹ́rin ló ń wá sí etíkun náà. Lóru ni abo máa ń wọ́ jáde láti inú òkun, a fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, a yé ẹyin rẹ̀, a bò ó mọ́lẹ̀, a sì padà síbi tó ti wá. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ á pa, wọ́n á sì sáré lọ sínú omi láìmọ ìyá, láìmọ baba.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ ẹran àti ẹyin wọn. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, àwọn olùkọ́ yunifásítì láti Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti ń lọ kà wọ́n létíkun, wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ Ureka síṣẹ́ láti máa ṣọ́ wọn. Ẹni tó ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀ lè wá di ẹni tó ń gba owó lórí wíwà láàyè wọn.

Ohun tó dáàbò bo ìjàpá àti ẹran igbó ibẹ̀ jù lọ ni àìsí ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ dé Ureka ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí òkun bá rọ̀, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Moka lórí òkè, ìrìn odindi ọjọ́ kan nínú igbó àti ẹrẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ti wọ orílẹ̀-èdè náà, ìjọba la títì ọlọ́dà láti Luba dé ibẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di kókó. Òfin ti fi òté lé pípa ọ̀bọ láti 2007, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á lọ́jà Malabo. Títì tó gbé olùkọ́ àti oògùn wọlé, òun náà ni ọlọ́dẹ láti òkèèrè lè gbà wọ inú igbó, kí ó kó ẹtu, ọ̀bọ àti ìjàpá sínú mọ́tò, kí ó sì ti sùn sílé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn onímọ̀ tó ń ka ìjàpá ti kígbe rẹ̀ síta.

Ṣé kí wọ́n má la ọ̀nà ni? Rárá o. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó ń ṣàánú ìjàpá, kí ó rántí aboyún tí ìrọbí mú, tí òkun ń ru, tí Moka sì jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan lórí òkè. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé kí ó dákẹ́ nítorí igbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá la ọ̀nà wọ ilé tó ní ìṣúra, ó yẹ kí ó fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà náà. Kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tó dára ju ọmọ onílé lọ, bí a bá fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀ déédéé.

Òjò yóò máa rọ̀ ní Ureka, ìyẹn kò ní ká béèrè. Bóyá ìjàpá yóò ṣì máa bọ̀ lọ́dọọdún, ọwọ́ ènìyàn ni ìyẹn wà.