Ògiri Tó Ń Dún Bí Ìlù

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri a máa là nínú kí ẹnu rẹ̀ tó hàn sí ojú. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá pàdé nígbà tó ti yunifásítì dé sí ilé ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkijà, nítòsí Olúmọ, ní Abẹ́òkúta.

Ilé alámọ̀ ni. Ìpele-ìpele ni wọ́n mọ ọ́n: wọ́n á mọ ọ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, símẹ́ńtì di ohun àrọ́wọ́tó, wọ́n sì fi rẹ́ ògiri náà. Amọ̀ a máa wú bí omi bá kàn án, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Símẹ́ńtì líle kì í tẹ̀lé e. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irú èyí gan-an ni ọmọ náà ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò: bí ẹ̀là ṣe ń gbèrú nínú ohun tí a tò ní ìpele. Kọ̀ǹpútà á pín ohun náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé kéékèèké, á fún ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára tirẹ̀, á sì wo èyí tí yóò kọ́kọ́ já. Ìwé tí A. A. Griffith gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1921 fi hàn pé ẹ̀là kì í gùn sí i, àfi bí agbára tí gígùn rẹ̀ ń tú sílẹ̀ bá tó èyí tí yóò fi là sí i.

Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ìka kan ògiri yàrá rẹ̀. Ibì kan dún kẹ́kẹ́, ibòmíràn dún bí ìlù.

"Ọkọ mi, ibí yìí ti ṣí kúrò lára amọ̀. Ó ti tó òjò mẹ́ta."

Ẹnu ya ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tún bàálù ṣe ṣe ń fi owó ẹyọ kan ara bàálù, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìpele ti ṣí. Ó fi èédú sàmì sí ìdí ẹ̀là náà, ó kọ déètì sí i. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀là ti fi ìka mẹ́ta kọjá àmì, ó sì ti yà sí ojú ìsopọ̀ ìpele méjì. Ó fi ìwọ̀n náà sínú kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má sùn níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìnáwó ń bọ̀. Mọ̀lẹ́bí ní kí wọ́n tún ògiri rẹ́, kí àlejò má baà rí i. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó sọ ìtàn Titan fún wọn, ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ṣe ní ìpele-ìpele. Ní oṣù keje 2022, bí ó ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun, ariwo ńlá kan dún lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ sì kọ ìyípadà sílẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n tún wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà 2023, òkun fọ́ ọ pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún.

Ìyá àgbà dìde. "Ògiri ti sọ tirẹ̀. Ẹ bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì mi."

Yàrá iwájú ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Símẹ́ńtì tí wọ́n ti rà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn kò rẹ́ ògiri náà, nítorí bí wọ́n bá rẹ́ ẹ, àmì èédú kò ní hàn mọ́.