Ọkọ̀ Àjàgbé Tí Wọ́n Gé Lẹ́sẹ̀

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dé, gbogbo ajá àdúgbò ló kí i káàbọ̀. Orí tírélà lásán ni, kò fa nǹkan kan lẹ́yìn. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ àgbàlá ọkùnrin tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, ní ìhà àríwá Houston, níbi tí ilẹ̀ ṣì gbòòrò, tí kò sì sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé kí lo gbé sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń kùn, ó ń sín, ó tún ń kùn. Màámi, tí wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá wa tọ́jú ìkókó, pọn ọmọ jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wò ó.

"Ṣé dírẹ́bà ni bàbá yẹn ni?"

"Rárá, Màámi. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì."

"Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi kó?"

Mo nawọ́ sí jíìpù kékeré kan tó wà lábẹ́ igi. Màámi wo jíìpù, wọ́n wo tírélà, wọ́n sì wọlé láìsọ nǹkan kan. Láti kíṣínì ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Jíìpù gan-an ni mo ń sọ o, kì í ṣe gbogbo mọ́tò gíga tí à ń fún lórúkọ yẹn nílé. Wrangler ni, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1997 títí di 2006, onílẹ̀kùn méjì, tó kúrú débi pé láti àárín taya iwájú dé àárín taya ẹ̀yìn kò tó ínǹṣì 94. Aládùúgbò mi ti gbé e ga, ó ti wọ taya tó ga tó ínǹṣì 35 sí i lẹ́sẹ̀, ó sì ti tú ìlẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì kúrò. Àpáta ni ó ń fi í gùn. Ìlú kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Utah tó ń jẹ́ Moab. Láti 1967 ni àwọn oníjíìpù ti ń pé jọ síbẹ̀ lásìkò Àjíǹde, tí wọ́n ń fi mọ́tò gun àpáta pupa tí ewúrẹ́ gan-an yóò dúró wò kó tó gbé ẹsẹ̀ lé.

Láti ọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀ ju 1,000 máìlì lọ. Mọ́tò tí wọ́n sì ti tún ṣe fún àpáta kì í gbádùn títì. Taya rẹ̀ á máa hó, ìtọ́kọ̀ á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni, bí nǹkan bá sì já lára rẹ̀ lórí òkè, kí ni onítọ̀hún yóò wà padà sílé? Gbígbé ni wọ́n ń gbé e lọ, gbígbé ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Píkọ́ọ̀pù ni aládùúgbò mi fi ń fà á tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí ó ń sọ̀kalẹ̀ òkè kan ní New Mexico tí ẹrù tí ó ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í ti òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní òórùn bíréèkì tó ń jó kò kúrò nímú òun fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ó délé, ó ta píkọ́ọ̀pù, ó sì wá ọkọ̀ tí ẹrù kò ní lè tì.

Freightliner FLD120 ni ó rí rà, ti ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990, onímú gígùn. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ti ṣí bí àdìrẹ tó ti rí omi jù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni Detroit Series 60, oní-sìlíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn. 1987 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn wọn dísù. Máìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń lọ sí mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn ìjókòó dírẹ́bà ni yàrá kan wà, bẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan, pẹ̀lú kọ́tìnnì tó ń rùn sìgá. Abẹ́ fóòmù ìsàlẹ̀ ni ó ti rí ìdì rìsíìtì kan, tí wọ́n máa ń fún dírẹ́bà bí ó bá gun òṣùwọ̀n létí títì. Ó pè mí kí n wá wò ó. Yíǹkì wọn ti ń parẹ́. 78,940. 79,620. 79,380. Lórí títì ńlá Amẹ́ríkà, ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 80,000 pọ́ùn lọ láìgba ìwé àṣẹ. Bèbè odò yẹn ni dírẹ́bà àtijọ́ ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rìn láìjá sómi. Aládùúgbò mi to àwọn bébà náà jọ, ó fi rọ́bà dì wọ́n, ó sì dá wọn padà síbi tí ó ti bá wọn.

Nílé wa, bí ọkọ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ wẹ́dà, yóò fi nǹkan kún un ni. Bàbá mi ní Mercedes 911 kan nígbà tí mo wà ní kékeré, tó ń kó pákó láti Oǹdó lọ sí Ìbàdàn. Orí àti ṣáásí nìkan ni wọ́n rà. Káfíńtà ló kan ara rẹ̀, akunlé ló kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú orí, kò sì tíì lo ọdún méjì tí wọ́n fi ki ewé síprínngì mẹ́ta kún tẹ̀yìn kó lè gbé sí i. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án tí kò fi nǹkan lé e. Ohun tó mú mi di ará àgbàlá ọkùnrin yìí ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Odidi oṣù mẹ́rin, yíyọ ni ó ń yọ.

Àwo irin tí imú tírélà máa ń jókòó lé ni ó kọ́kọ́ yọ. Àwo náà fẹ̀ ju àtẹ aláta lọ, ó là lẹ́yìn bí irin abẹ́ pátákò ẹṣin. Gírísì tó wà lójú rẹ̀ nípọn bí ọṣẹ dúdú, iyanrìn àti ìyẹ́ kòkòrò sì rì sínú rẹ̀. Ó fi irin pẹlẹbẹ ha á títí irin funfun fi yọjú. Níbẹ̀ ni mo ti rí àpá róbótó tí ẹrù ọdún gbọọrọ ti lọ̀ sójú àwo náà, tó ń dán bí ìsàlẹ̀ ṣíbí. Ó háyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, ó sì fi gbé àwo náà sílẹ̀ gbì.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ẹsẹ̀. Taya mẹ́wàá ni ọkọ̀ yìí ní, méjì níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Mẹ́jọ ẹ̀yìn yìí wà lórí ásù méjì, ìyẹn irin gbọọrọ tó so taya ọ̀tún mọ́ tòsì tí dífù wà láàárín rẹ̀. Jíìpù tó wọ̀n tó nǹkan bí 4,000 pọ́ùn kò nílò taya mẹ́jọ. Òfin gba ásù kan ṣoṣo láyè kó gbé 20,000 pọ́ùn. Mo rò pé ti ẹ̀yìn pátápátá ni yóò lọ, kí ọkọ̀ lè kúrú. Ojú ló ń tàn mí. Inú dífù ti iwájú ni ohun tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sọ́nà méjì wà. Bí o bá mú tẹ̀yìn lọ tí o fi tiwájú sílẹ̀, agbára á máa wá ìkejì tí kò sí mọ́, á sì máa yí lófo. Ti iwájú ni kó lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn kò pín fún ẹnikẹ́ni, òun ni yóò dá ṣiṣẹ́. Ó wá ku kí pròpẹ́là, irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, gùn tó láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aládùúgbò mi gbé ìwọ̀n lọ fún àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n fi béárìn gbé àárín rẹ̀ ró, wọ́n sì ń yí i lórí ẹ̀rọ títí tí kò fi fì síbì kankan mọ́.

Nọ́tì tó de ásù yẹn mọ́ ṣáásí kò gbọ́ ti sípánà. Ó kó páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn, ó gun orí páìpù, ó sì ń fò sókè sódò níbẹ̀, àgbà ọkùnrin! Ìgbà tí nọ́tì náà fi máa gbà, ó dún bí ìbọn ṣakabùlà. Màámi sáré jáde. Wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó kú, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sí bí wọ́n ṣe lè kọjá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má kí i, yálà ó gbọ́ Yorùbá tàbí kò gbọ́. Aládùúgbò mi náà ti mọ ìkíni yẹn nígbà náà. Yóò gbé sípánà sókè, yóò sì ní, "Óò!"

Ní ẹ̀gbẹ́ ṣáásí, sítíkà kan wà tí oòrùn ti jẹ lójú. Ó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jó irin mọ́ ọn, kí wọ́n má sì lu ihò sétí rẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi, mo sì ṣàlàyé bí aládùúgbò mi ṣe ṣàlàyé fún mi, pé wọ́n ti fi iná sọ irin náà di líle nílé iṣẹ́, pé bí iná wẹ́dà bá tún bà á, ojú ibẹ̀ á rọ̀. Màámi, ọmọ ọmọ alágbẹ̀dẹ, wò mí bí ẹni tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ̀bà. "Àdá tó bá tún wọ iná lẹ́yìn tí wọ́n ti rì í bọ omi, ṣé yóò tún ge nǹkan ni?" Nígbà tí mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka tọ́ka sí wọn pé ẹni tó mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Nítorí náà, kò jó nǹkan kan mọ́ ṣáásí. Bóòtù ni ó fi de gbogbo ẹ, ní àárín ẹ̀gbẹ́ irin níbi tí wàhálà kò ti pọ̀. Mo bá a di iná mú ní ọjọ́ tí ó ń lu ihò. Dírìlì náà ní mágínẹ́ẹ̀tì tó fi lẹ̀ mọ́ irin. Ó rọra ń yí, aládùúgbò mi ń kán ọ́ìlì sí i lẹ́nu, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ, irin sì ń ká jáde láìjá, bí èèpo ọsàn lọ́wọ́ ọlọ́sàn tó mọ bíléèdì lò. Mo mú ọ̀kan nílẹ̀, ó jó mi lọ́wọ́. Ihò kan gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò sáré ọ̀kankan nínú wọn.

Pẹpẹ tó gbé lé e lórí kò gba àpèjúwe púpọ̀, irin lábẹ́, pákó lókè, ẹsẹ̀ bàtà 16. Ibi tí ọgbọ́n wà ni gíga rẹ̀. Ojú pẹpẹ ga tó ínǹṣì 42 sílẹ̀, àtẹ̀gùn irin tí jíìpù máa gùn sì dúró ṣánṣán jù. Ṣùgbọ́n àpò afẹ́fẹ́ ló gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ró, kì í ṣe síprínngì. Ó fa bọ́tìnnì kan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, afẹ́fẹ́ tú jáde, ìdí ọkọ̀ sì rọra balẹ̀ bí àgbà tó ń wá àga. "Ó ń kúnlẹ̀!" ni Màámi pariwo. Wọ́n ní kí n sọ fún bàbá náà pé akọ kì í kúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni tiẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó fẹ́ gbé e jáde, ọkọ̀ kọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gíá wọlé, taya kò mira. Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, síprínngì ló ń tẹ bíréèkì ìgúnlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń dì í mú kó má gbá taya mú. Bí afẹ́fẹ́ bá jò tán lóru, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ nìyẹn. A jókòó sínú rẹ̀, à ń wo ọwọ́ aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ bó ṣe ń gun òkè, 40, 60, 80, àlọ́ọ̀mù ń ké títí ó fi kọjá 60. Ní 120, ó sín, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ aago tún ń sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó yẹ táǹkì wò. Èmi ni mo lọ po omi ọṣẹ nínú kọ́ọ̀pù, bí fọganáísà ìdí ilé wa ti máa ń ṣe, tí mo sì ń fọ́n ọn sí ẹnu àwọn rọ́bà tó ti ń lọ sí ẹsẹ̀ tí ó gé. Ẹnu kẹta hó fọ́ọ́fọ́ọ́. Ìdérí tí ó fi dí i kò wọlé dáadáa. Ó jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ṣe lára ọkọ̀ náà, mo sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní Texas, bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ bá ti ju 26,000 pọ́ùn lọ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì Class B, bí kò tilẹ̀ fi ọkọ̀ náà ṣòwò. Ó lọ gbà á. Gíá mẹ́wàá ni, tí èèyàn ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo àdúgbò sì fi gbọ́ igbe irin kó tó mọ̀ ọ́n.

Ìdájí ni ó gbéra lọ sí Moab, pẹ̀lú jíìpù lórí pẹpẹ, tí wọ́n fi ṣéènì dè é ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ẹ̀yìn, ó dà bíi pé ìgbín ló fi ẹyẹ kékeré sẹ́yìn. Ásù tí ó yọ ṣì wà nínú koríko, ó ṣubú lé dífù rẹ̀, taya mẹ́rin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ sì ti sọ abẹ́ rẹ̀ dilé. Bí Màámi bá ń gbé ọmọ rìn ní ìrọ̀lẹ́, wọn kì í gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n má dúró.

"Bí bàbá yẹn bá dé," wọ́n á ní, "bá mi bi wọ́n pé èló ni. Ní ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Ládípò, ilẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan báyìí balẹ̀."